Ọjọ́ Tí Adédìran Sẹ́ Àǹtí Magdalene

Àgbẹ̀ ni Adédìran kó tó dé Dagenham. Ẹ̀gẹ́ àti kòkó lòun àti bàbá rẹ̀ ń gbìn n'Íjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ló rí ṣe nílùú òyìnbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún un láti di ọkọ́ mú. Àǹtí Magdalene, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ Aládùúrà, ló gé lára oko rẹ̀ l'Eastbrook fún un.

“Gba ibi tí oòrùn ń dé yìí,” ló wí. “Ewúro ò fẹ́ ibòòji.”

Oko náà ṣe dáadáa. Adédìran a máa bu ẹ̀fọ́ fún aládùúgbò, àtòyìnbó àtènìyàn dúdú, a sì máa bá àwọn arúgbó ro ẹ̀yìnkùlé wọn. Bẹ́ẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ṣe kàn ní Alibon, àdúgbò wọn, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi ní kó wá du ipò kánsẹ́lọ̀. Àǹtí Magdalene ń kan ilẹ̀kùn kiri nínú òjò: “Àbúrò mi ni o, ẹ dìbò fún un!” Adédìran wọlé.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣèpàdé aráàlú ní Becontree Heath, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ jókòó tì í. Àǹtí Magdalene ti oko débẹ̀ tààrà, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ó pariwo látẹ̀yìn: “Dìran! Ẹ̀rọ omi oko wa ti bàjẹ́ o!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan nínú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ bi Adédìran bóyá ó mọ obìnrin náà.

“Rárá,” ló dáhùn, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́. “Mi ò mọ obìnrin yẹn rí.”

Àǹtí Magdalene wò ó. Kò bú u. “Ẹ má bínú, sà,” ló wí, ó sì jáde.

Wúrà, ìyàwó Adédìran, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bá a jà, ó kàn bi í pé, “Ṣé tìtorí ẹrẹ̀ ni?”

Ní Sátidé, Adédìran lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Àǹtí Magdalene láàárín ebè lóko. “Mo jẹ̀bi, Àǹtí mi.”

“Dìde, aṣọ rẹ ń bàjẹ́. Ṣé ibí lo ti sẹ́ mi ni? Ta ló ń gbọ́ wa níbí?”

Ó yé e. Nígbà tí ìpàdé tún pé, òun ló kọ́kọ́ dìde. “Obìnrin tí mo ní mi ò mọ̀, òun ló fún mi nílẹ̀ tí mo fi dẹni tẹ́ ẹ mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ló tì mí lójú.” Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kan tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

Wọ́n ti tún ẹ̀rọ omi náà ṣe. Àǹtí Magdalene ṣì ń fún un ní irúgbìn, ṣùgbọ́n kò pè é ní Dìran mọ́. “Ẹ káàárọ̀, Kánsẹ́lọ̀,” ló máa ń wí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Adédìran á sì tẹríba, á máa wá koríko tí yóò fà.