Iyọ̀ Ẹnu Ọ̀nà

Mo rántí bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní Riverdale Park: yóò wálẹ̀, yóò dà bí eérú, gbogbo àdúgbò á sì pa lọ́lọ́. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí mo lọ n'Ìbàdàn, ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n fi júwe yìnyín fún wa, nítorí náà ohun tó fúyẹ́, tó sì rọ̀, ni mo ń retí. Mo lóyún, oyún náà sì ti pé oṣù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé, àtẹ̀gùn onígi kan tó wà níta la sì fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, ìyá kan nínú ìjọ wa pè mí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nílùú náà, ilé wọn ò sì jìnnà sí tiwa.

"Yìnyín ń bọ̀ o," ni wọ́n wí. "Da iyọ̀ sí àtẹ̀gùn yín kílẹ̀ tó ṣú. Má gbàgbé."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo pòṣé. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá tó bí mi. Nílé wa, ẹni tó bá ní ká da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wòlíì èké ni, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sọ pé ìyá bàbá wa ló ń dí wa lọ́wọ́. Ó dùn mí pé irú ìyá rere bẹ́ẹ̀ ti bá ẹ̀kọ́ yẹn lọ. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run là wọ́n lójú, mo kọ orin kan, mo sì sùn fọnfọn bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Yìnyín bọ́. Nígbà tó yá, ó di òjò, òjò náà sì ń dì bó ṣe ń kanlẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ka igi ń dán bíi gíláàsì. Ó lẹ́wà débi pé mo ń dúpẹ́ lójú fèrèsé, àfi bí ìrora ṣe gbá mi nínú mú. Mo pe áńbúláǹsì. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ò dára. Ọkọ mi ò rí ọ̀nà jáde ní Landover. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ náà yọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tí mo dì mú. Ọmọ inú mi ni mo rò, ni mo bá bú sẹ́kún, mo pe ìyá náà.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé, tàwọn ti korobá kékeré kan. Wọ́n dúró nísàlẹ̀, wọ́n wòkè.

"Iyọ̀ tí mo ní kó o dà ńkọ́?"

"Mi ò dà á, mà."

"Kí ló dé?"

"Mà... a kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé wọn, títí wọ́n fi di ọgbà mú. "Ìwọ ọmọ yìí! Wòlíì lo fi mí pè? Yìnyín ni iyọ̀ ń lé níbí, kì í ṣe àjẹ́!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín nínú ìrora. Yorùbá ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi rèé lókè lóòótọ́, mi ò rí nǹkan kan. Iyọ̀ inú korobá ni wọ́n ń dà láti ìsàlẹ̀ bọ̀. Nígbà tó tán láàárín, wọ́n ní kí n ju iyọ̀ ọbẹ̀ mi sí àwọn, wọ́n sì fi ìyẹn dà á dókè. A dúró díẹ̀. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó ń là.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Fi ìdí wọ́ bọ̀."

"Níta gbangba, mà?"

"Ta ló ń wò ẹ́? Wọ́ bọ̀ jàre!"

Mo fi ìdí wọ́ bọ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, àwa méjèèjì ń pe Jésù. Bí mo ṣe kanlẹ̀ ni áńbúláǹsì yọ, ó tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lọ́nà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti bí obìnrin. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́ tí gbogbo ara mi fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí ọkọ mi dé, tòun ti bàtà tútù, ilẹ̀ ló jókòó sí.

Ọmọ náà ti ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Bí yìnyín bá ń bọ́ tó sì wà níta, mi kì í kúrò lójú fèrèsé. Ìgbà tí mo bá gbọ́ tó ń bọ́ bàtà, tó fi Yorùbá wíwọ́ rẹ̀ ní, "Mọ́mì, mo ti dé," ni mo tó ń mí kanlẹ̀. Mi kì í sọ ju "Olúwa, o ṣé" lọ.