Fèrè Tí Kò Dákẹ́ Lásìkò Agogo Ọ̀sán

Ọjọ́ tí àrùn ẹ̀gbà kọlu ìyá mi ni ohùn rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó ń kólòlò o, ìró kankan kò jáde rárá. Obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé géètì ọsibítù kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ, ló wá di ẹni tó ń fi ojú béèrè omi.

Dókítà ní ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà. Ó ní ká máa jẹ́ kó gbọ́ orin, nítorí orin a máa rí ọ̀nà gbà níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti rí. Mo fi orin Mísà sí i, mo fi ti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa sí i. Ó kàn ń sùn ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún lásìkò yẹn: kí n tún gbọ́ ohùn ìyá mi kí ikú tó pín wa níyà.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ni ní yunifásítì níbí ní Adó, ló mú fíìmù wá. Bàbá wa tó ti dolóògbé fẹ́ràn jáàsì. Ó fọn fèrè idẹ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kó tó fẹ́ ìyá wa. Ni àbúrò mi bá ń kó fíìmù tí jáàsì kún inú wọn wá lórí fúláàṣì. Fíìmù àràmàǹdà ni gbogbo wọn: nínú ọ̀kan, dùùrù ń fò lójú ọ̀run, nínú òmíràn, gbogbo ìlú sùn, onílù kan kò sì jẹ́ kí wọ́n jí. Ìyá mi jókòó ṣánṣán, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn.

Ọkàn tèmi kò balẹ̀. "Ṣé kò sí fíìmù tí ojú èèyàn ti là sílẹ̀ nínú gbogbo èyí tí o ní ni?" mo bi í. "Gbogbo wọn ló ń rìn nínú àlá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Jósẹ́fù inú Bíbélì ńkọ́? Ṣebí àlá ló gbé e dé ààfin."

"Kò sí fèrè nínú àlá Jósẹ́fù."

"Èyí tó túmọ̀ fún Fáráò ńkọ́? Màlúù tó ń jẹ màlúù ló wà níbẹ̀. Ẹ fi onífèrè sílẹ̀ jàre."

Ní Sátidé kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Ọba dé, tòmátì ṣì wà nínú àpò, nígbà tí àbúrò mi fi fíìmù tuntun sí i. Òun náà kò tíì wò ó rí. Afọnfèrè kan ló gbàgbé ìparí orin rẹ̀. Ló bá ń wọ inú àlá àwọn ará ìlú láti ilé dé ilé, ó ń wò ó bóyá ìparí náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ara ògiri ló ń gbà wọlé, àwọn tó ń sùn yóò sì yíjú sí i bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Irun ara mi dìde. Mo fẹ́ ní kí àbúrò mi pa tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ìyá mi ti tẹ̀ síwájú lórí àga.

Ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan. Bó ṣe gbé fèrè sẹ́nu ni agogo ìjọ wa lù fún àdúrà Áńgẹ́lì Olúwa ti ọ̀sán gangan.

Nílé wa, kò sí ohun tí kì í dúró fún agogo yẹn. Ata tó wà lórí ọlọ ń dúró. Bí àwọn Sísítà tó kọ́ mi níwèé ṣe kọ́ mi nìyẹn. Àbúrò mi tẹ rìmóòtù, àwòrán dúró gbọn-in, afẹ́fẹ́ ṣì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ afọnfèrè náà. A dìde, a kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n àti àga ìyá mi, a kọjú sí ère Màríà Mímọ́ tó wà ní igun yàrá, a sì ṣe àmì àgbélébùú.

Fèrè kò dákẹ́.

Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wa, nísàlẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Mo bojú wẹ̀yìn. Àwòrán kò mira. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá mi gan-an ló máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má rìn ní ọ̀sán gangan, pé àwọn tí a kò rí ló ń lo ọ̀nà nígbà yẹn.

"Ṣé o dá a dúró?" mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo dá a dúró."

"Ó ń fọn."

"Èmi náà ń gbọ́."

Mo gbé ìgò omi mímọ́ nídìí ère, mo ń wọ́n ọn sí tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò mi, tí ìbá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, kò rẹ́rìn-ín. Òun ló sáré lọ fa wáyà yọ lára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n kú. Orin ń lọ. Mo tún wọ́n omi, ó ta sí ìyá mi lójú.

Orin dákẹ́.

Mo wò ó. Omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ pa pọ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń mì. Ó wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tó da oògùn nù. Lẹ́yìn náà ó mú orin náà níbi tó ti já, ó ń kùn ún, ó gbé e gòkè, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì parí rẹ̀.

Ìyá mi ni. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, ẹkún ni mo fi parí àdúrà ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, àbúrò mi tan fíìmù náà padà. Ìyá arúgbó inú rẹ̀ la ẹnu lójú oorun, ó fún afọnfèrè náà ní ìparí orin rẹ̀. Orin tí ìyá mi kùn ni, bó ṣe gòkè àti bó ṣe sọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí ni?" àbúrò mi bi í. "Ṣé Bàbá máa ń fọn ọ́n?"

Ara ògiri tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni ìyá mi ń wò, bí ẹni tó ń fi ojú sin àlejò lọ.

Ọ̀rọ̀ ti ń padà báyìí, díẹ̀ díẹ̀. Ó ti lè pe omi, ó ti lè ní kí n wá. Mo ti gbé ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fadá bi mí pé kí ni mò ń dúpẹ́ fún, mo ní ohùn ìyá mi. N kò sọ ìyókù. Bí agogo ọ̀sán bá lù, èmi ń ka àdúrà, òun ń fi kíkùn dá mi lóhùn, mo sì ń yin Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ti gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn wa. Ẹ̀gbẹ́ ère ló ń jókòó sí báyìí, kí n lè máa rí ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀.