Ẹ̀jẹ̀ tí Mo Gbé sínú Fíríìjì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò tíì fi ẹ̀rọ yí sínú fíríìjì lójú mi. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn wa ní Ẹdẹ máa ń ní, "Àǹtí Múlíkátù, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín ni?" Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ráfíù ni, obìnrin tó ń dáko ní Alájùẹ́, tó kù díẹ̀ kí n ṣekú pa ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbé e dé. Ọlọ́kadà wà níwájú, Ráfíù ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, òun wà láàárín wọn bí àpò gààrí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò gbé e mọ́. Dókítà fura pé pọtásíọ̀mù ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Iyọ̀ kan ni pọtásíọ̀mù, òun ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́, iṣan sì ni ọkàn náà. Bó bá kéré jù, ọkàn lè dákẹ́ lójijì; bó bá pọ̀ jù, bákan náà ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà ò fi jẹ́ fún un ní pọtásíọ̀mù láìjẹ́ pé láàbù sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ sì ti kọṣẹ́, ẹ̀rọ tí a fi ń yí ẹ̀jẹ̀ kí omi rẹ̀ lè dá dúró ò lè ṣiṣẹ́. Mo wá lo ọgbọ́n orí mi: oòrùn mú, ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ bàjẹ́. Fíríìjì wa ṣì tutù nini, a ti kó yìnyín sínú rẹ̀. Mo gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ sí i, mo tilẹ̀ ń yin ara mi.

Ẹ̀yìn ìrun Àsárì, nírọ̀lẹ́, ni iná dé. Mo yí ẹ̀jẹ̀, mo kà á: pọtásíọ̀mù wà níbi tó yẹ kó wà. Dókítà wo ìwé mi, ó ní kì í ṣe pọtásíọ̀mù ló ń ṣe é, ká máa wá nǹkan mìíràn lọ.

Ọ̀gá wa nígbà náà, Alàgbà Adéṣínà, bàbá Onítẹ̀bọmi kan tí kì í pariwo, wo ẹ̀dà ìwé náà.

"Àárọ̀ lo fa ẹ̀jẹ̀ yìí. Ibo ló wà látàárọ̀?"

"Inú fíríìjì, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Múlíkátù, ta ló sọ fún ẹ pé ẹran ni ẹ̀jẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá tíńtìntín tí a fi kọ́ ara wa, ni pọtásíọ̀mù ń gbé. Gbogbo ìgbà ló ń fẹ́ yọ́ jáde, ẹ̀rọ kan lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ló ń fà á padà wọlé. Bí òtútù bá mú ẹ̀rọ yẹn, á sùn, pọtásíọ̀mù á sì máa jò sínú omi ẹ̀jẹ̀ tí à ń kà. Inú ìgò mi ni èyí tí mo rí ti jò, kì í ṣe inú ara màmá.

"Lọ fa òmíràn. Kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún dókítà pé irọ́ ni ìwé rẹ."

Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo jẹ́wọ́ fún dókítà, ó ní, "Ẹ tètè ṣe, ọkàn rẹ̀ ti ń lù ségesège." Mo fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn sínú ìgò. Mo di ìgò náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo sáré, mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má mú iná lọ. Wọn ò mú un lọ. Pọtásíọ̀mù náà kéré débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá kà á. Wọ́n fi í sínú dírípù fún un, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí ló wá gbé pọtásíọ̀mù ara rẹ̀ lọ? Ìyá Ráfíù ti búra pé òun ò mu nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá jókòó tì í.

"Màmá, àgbo ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ̀! Ṣé oògùn ni àgbo ni? Omi asùnwọ̀n tí mo fi ń fọ inú lásán ni."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń mu ún?"

"Láràárọ̀ ni. Inú ló ń wú mi."

Ta ni kì í fọ inú nílẹ̀ yìí? Màmá mi náà ń fún wa ní asùnwọ̀n, tí àwa ọmọ á tò sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, tí a ó máa bú ara wa pé kí ẹni tó wà nínú jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ gbọọrọ ni. Ọ̀gá ní èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé yẹn máa ń dé ìfun ńlá, á mú kí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ tú omi àti pọtásíọ̀mù sílẹ̀, wọ́n á sì jọ bá ìgbẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é láràárọ̀, kí ni yóò kù lára rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ohun tí ewé ṣe fún ìfun màmá náà ni fíríìjì mi ṣe fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀ báyìí. Kí n tó fọwọ́ sí ìwé èyíkéyìí, mo máa ń béèrè pé, "Ibo ló wà látàárọ̀?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí Ìyá Ráfíù máa lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúà fún mi. Mi ò lè gbà á.

"Màmá, irọ́ ni ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ nípa yín. Díẹ̀ ló kù kó pa yín."

Mo rò pé á ṣépè.

"Ṣebí èmi náà ní n ò mu nǹkan kan? Ìwọ parọ́, èmi náà parọ́. Ọ̀mì ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọ̀kadà.