Mágnẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gbé Sójú Tẹlifíṣàn Bàbá Mi

Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ ìró gíláàsì tó ń fọ́ lẹ́yìn ilé mi ní Sángo. Àwọn tó ń ra àlòkù irin ni. Tẹlifíṣàn ayé àtijọ́ ni wọ́n ń fọ́, nítorí wáyà kọ́pà tó wé mọ́ ọrùn tíúbù inú rẹ̀. Mo jókòó, ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tẹlifíṣàn tiyín rí pẹlẹbẹ. Ti bàbá mi ní Ìjòkó, ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé. Bàbá a máa nù ún láràárọ̀ kó tó lọ sílé-iṣẹ́, díẹ̀ ló kù kó máa kí i.

Sìkírá ni ọ̀rẹ́ mi, bàbá rẹ̀ ló ń tún tẹlifíṣàn ṣe níwájú ilé wa. Lọ́jọ́ kan, mo mú mágnẹ́ẹ̀tì sípíkà tó ti bàjẹ́ nínú ìsọ̀ wọn, mo gbé e wá síwájú tẹlifíṣàn bàbá mi. Sìkírá ní, "Má gbé e síbẹ̀ o! Àwọ̀ ẹ̀ máa dàrú." Mo gbé e síbẹ̀. Ojú obìnrin tó ń ka ìròyìn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di aláwọ̀ ewé. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo gbé mágnẹ́ẹ̀tì kúrò, àwọ̀ ewé ò kúrò.

Bàbá mi dé, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Mo nawọ́ sí Sìkírá. Ọmọ oníṣẹ́ tẹlifíṣàn, ta ni ò ní gbà? Sìkírá kàn wò mí.

Bàbá rẹ̀ tó wá tún un ṣe ló ṣàlàyé fún wa. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tín-ín-tìn-ín tójú ò lè rí, ló ń sáré láti ọrùn tíúbù wá lu gíláàsì, tó fi ń tàn. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì wáyà kọ́pà yẹn ló ń darí wọn sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò. Bí mágnẹ́ẹ̀tì mìíràn bá dé, wọ́n á ṣìnà. Nínú ẹ̀rọ kékeré tòun tó fi ń yẹ iná wò, tó ní tíúbù tirẹ̀, kì í ṣe mágnẹ́ẹ̀tì, irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi iná sí ló ń fà wọ́n yà. Irin ẹ̀yìn gíláàsì tiwa ti gba agbára mágnẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá Sìkírá so wáyà rìbìtì kan mọ́ iná láti lé e kúrò, ó ń yí i níwájú gíláàsì, ó ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ fi padà.

Bàbá mi ò jẹ́ kí Sìkírá wọlé wa mọ́. Ojú fèrèsé ló ti ń wòran, nígbà tó yá kò wá mọ́. Ìdílé wọn kó lọ sí Àtàn.

Tẹlifíṣàn òde òní ò lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìtìjú tèmi ṣì wà níbi tó wà. Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, ó ní, "Sìkírá yẹn, mo mà le mọ́ ọmọ yẹn jù." Mo la ẹnu. Mo ní, "Ẹ mu omi díẹ̀, Bàbá." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la sin ín, ó sì gbà títí dọjọ́ ikú pé Sìkírá ni.