Abọ́ Ìyá Ìbejì

Bàbá Aago kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe, abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ló sì ń jókòó sí, níbi tí tábìlì kékeré kan, àga kan àti iná kan tó tẹ ọrùn wálẹ̀ ti gba gbogbo àyè tán. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méje, wọn ò sì bímọ. Nígbà kan rí, àwọn oníbàárà máa ń tò dúró dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo àkókò lójú fóònù, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Onílé fi kún owó ilé, kò rí i san, ló bá kó lọ sílé àbúrò rẹ̀.

Àbúrò náà kò fojú burúkú wò ó o. Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan, aago márùn-ún ìdájí ló ti ń jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó sì fi yàrá tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì fún un. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń tọ́jú ilé. Aṣọ ni obìnrin náà ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ á ti wú. Ẹnu mẹ́fà ló ń bọ́: òun, ọkọ rẹ̀, àwọn ìbejì, ọmọbìnrin kékeré tó tẹ̀lé wọn, àti Bàbá Aago.

Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń na owó kékeré bíi tirẹ̀ ládùúgbò. Ìrẹsì tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ ló ń rà, torí òun ló ń pọ̀ jù. Búrẹ́dì àná ló ń rà, àti òróró tí wọ́n ń wọ̀n látinú garawa ńlá. Èròjà amọ́bẹ̀dùn oníyọ̀ ńkọ́? Ẹyọ mẹ́ta sínú ìkòkò kan, omi lásán á sì máa ta sánsán bí ẹni pé ẹran kún inú rẹ̀. Ó máa ń ní, "Kí ikùn ṣáà ti kún, ikùn ò lójú." Tó bá ń bu oúnjẹ, abọ́ Bàbá Aago ló ń kọ́kọ́ bù, òun ló sì ń kún jù, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Aago fi ẹ̀mú gbé ìdè inú aago obìnrin oníbàárà kan, èyí tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìdè náà di méjì lójú rẹ̀, ó di mẹ́ta, gbogbo abẹ́ àtẹ̀gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Obìnrin tó ni aago náà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì de nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, kì í sì í ṣe díẹ̀. Kí lẹ ń jẹ?"

"Ohun tí wọ́n bá gbé fún mi."

"Ta ló ń gbé e fún yín?"

"Ìyàwó àbúrò mi ni."

"Ẹ sọ fún un kó dín iyọ̀ kù, kó dín òróró kù. Kó máa fún yín ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, èso."

Bàbá Aago rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nọ́ọ̀sì, àlejò kì í pàṣẹ sínú ìkòkò onílé."

"Àlejò tó bá kú sílé onílé ńkọ́? Ṣé wàhálà yẹn ló sàn jù?"

Ó fún un ní oògùn àti bébà kan tí wọ́n ya àwòrán oúnjẹ sí. Bàbá Aago ká bébà náà sí mẹ́rin, ó tì í sínú àpò, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹni tó fún ọ ní yàrá, tó fún ọ ní abọ́ tó kún jù, o wá ní kó tún un sè?

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti jẹ ìdajì, kó ṣẹ́ ìyókù kù. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó di abọ́ náà mú.

"Ọkọ mi, ṣé oúnjẹ mi ò dùn mọ́ ni?"

"Ó dùn. Mo yó ni."

"Ẹ ò yó. Ẹni bá ń rù kì í yó."

Ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Aago bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó di oúnjẹ sínú nílọ́ọ̀nù fún òun, òun á jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́. Inú obìnrin náà dùn, ó tún ń fi díẹ̀ kún un. Tí Bàbá Aago bá dé abẹ́ àtẹ̀gùn, á fi nílọ́ọ̀nù pa mọ́ sábẹ́ tábìlì, á sì dà á fún ajá tó bá kọjá nírọ̀lẹ́. Tó bá ráyè, á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, á fi omi lé e. Ebi ń pa á, ojú sì ń tì í. Aáyán fẹ́ jó, adìyẹ ni kò jẹ́.

Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ìyá Ìbejì gba aago lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní ọkọ òun á bá a tún un ṣe. Bó ṣe dé abẹ́ àtẹ̀gùn, tó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kó lè gbé e kalẹ̀, ó rí nílọ́ọ̀nù àná àti tòní, èèrà ti bò wọ́n. Ó wò wọ́n, ó wo Bàbá Aago. Ó fi aago sílẹ̀, ó sì lọ. Ká ní ó tiẹ̀ bú u ni, ìyẹn ì bá sàn.

Lálẹ́ yẹn, abọ́ náà dé bó ṣe máa ń dé, ẹyin odindi sì wà lórí rẹ̀. Bàbá Aago kò lè fọwọ́ kàn án. Ó mú bébà nọ́ọ̀sì jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú àbúrò rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ ò sọ!" ni àbúrò rẹ̀ wí.

Ìyá Ìbejì wo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹja. Èso. Ẹ̀fọ́ oríṣi mẹ́ta." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ẹni tó ya èyí, ṣé ó bí ìbejì rí?" Ó dìde, ó mú pọ́ọ̀sì tó ń kó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sí, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ Bàbá Aago. "Ọkọ mi, mi ò bínú. Ẹ lọ ra ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ. Ohun tẹ́ ẹ bá rà ni màá sè fún gbogbo wa."

Ó fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ra ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tútù, tòmátì, ẹja kékeré díẹ̀ àti ọsàn mẹ́fà, ó sì délé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀fọ́ ti pọ́n, torí fíríìjì ilé náà ti kú tipẹ́. Ẹ̀wà náà kò tètè jinná; ó jẹ gáàsì títí gáàsì fi tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ìgbà wo ni ìrẹsì máa padà wálé. Ọmọbìnrin kékeré náà ní tiẹ̀ sunkún sùn. Bàbá Aago yọ owó díẹ̀díẹ̀ tó ń kó jọ láti fi gba yàrá tirẹ̀, ó fi ra gáàsì àti ìrẹsì fífọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi èròjà sí i kí àwọn ọmọ lè jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó dá pọ́ọ̀sì padà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹni tí a gbé pọ̀n ni mí," ó ní, "mi ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

Ìyá Ìbejì kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó sórí àpótí kíṣìnì, ó ń fi ọwọ́ ra iwájú orí. "Orí ń fọ́ èmi náà ní gbogbo ọ̀sán, ọkọ mi. Mo ní ooru áyọ́ọ̀nù ni. Mi ò jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, kí n má baà gbọ́ ohun tí apá mi ò ká."

Bàbá Aago bu omi fún un.

Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ̀wà sómi láti ìrọ̀lẹ́ kí ó lè tètè jinná. Ó ń bu tiwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí iyọ̀ tó wọ ìkòkò. Bàbá Aago ló ń yà sọ́jà nígbà tí àwọn elẹ́fọ̀ọ́ bá fẹ́ palẹ̀ mọ́, tí wọ́n ti ń ta èyí tó rọ ní ẹ̀dínwó, kí wọ́n lè sè é kí ó tó jẹrà. Àwọn ìbejì ń pè é ní "ẹ̀fọ́ aláàárẹ̀". Ṣùgbọ́n tí oṣù bá ti ń lọ sópin, búrẹ́dì àná náà ni gbogbo wọn ń padà sí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá Aago, ó ti wálẹ̀ díẹ̀.

"Kò tíì tó, Bàbá. Ẹ tún gbìyànjú sí i."

"Mò ń gbìyànjú."

Ó béèrè bóyá òun lè mú ìyàwó àbúrò òun wá. Nọ́ọ̀sì ní kó mú un wá, ṣùgbọ́n aago iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àti aago ilé ìwòsàn kò bára mu, Ìyá Ìbejì kò sì tíì ráyè lọ dòní. Owó yàrá tí Bàbá Aago ná kò tíì padà, yàrá tóóró náà ló ṣì wà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbọ́ bí òróró ṣe ń ta nínú páànù lódìkejì ògiri. Ó ti mọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Búrẹ́dì dídín ni, ó kún abọ́.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," Ìyá Ìbejì ní, kò wo ojú rẹ̀. "Owó tún ti tán."

"Kí ni ti ìbínú? Gbé e wá."

Ó sún lórí ibùsùn, ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ tán.