Ìyá tó Sùn síbi tí Atẹ́gùn ti ń Wá

Ẹ má wò mí bí ẹni tó ń parọ́. Mo mọ irọ́ dáadáa. Télọ̀ ni mí, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ á jáde lọ́la. Èyí kì í ṣe irú ìyẹn. Ojú mi kòró báyìí ló rí i.

Deux mille un ni, ìyẹn ọdún 2001, nínú ọyẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun wa ní Koumassi Remblais kó wa lọ sí pápá kan lẹ́yìn Abobo Gare fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ilé níbẹ̀ o. Orí ilẹ̀ la sùn sí, ìta gbangba.

Bùkọ́lá àbúrò mi tẹ̀ lé mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tí òtútù bá ti mú un, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó di ilé ìwòsàn nìyẹn. Ìyá wa kọ̀ jálẹ̀, àfi ìgbà tí Bùkọ́lá sunkún títí. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé o." Ẹ gbà mí gbọ́, àyà mi ò balẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Láàrin wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Mo bi wòlíì wa pé ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́, ó ní ọmọ ìyá bàtà ni. Háà! Mo ṣáà gbọ́ràn. Mo tẹ́ koríko gbígbẹ, mo tẹ́ páálí lé e, torí òtútù ilẹ̀ burú ju ti atẹ́gùn lọ. Mo rọ omi gbígbóná sínú bidon, kẹ́ẹ̀gì kékeré, mo fi ìró wé e, mo gbé e sí ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Bí a ṣe ń sùn ni pé a máa ń tò tẹ̀ léra. Àgbà ló ń sùn sí etí, níbi tí atẹ́gùn ti ń wá, kó lè dá a dúró fún àwọn ọmọdé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, èmi ló yẹ kí n wà létí. Omi tí mo pọn lọ́sàn-án ti pa mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ na ẹ̀yìn díẹ̀ láàrin. Oorun bá gbé mi lọ, Bùkọ́lá ló wá wà létí.

Ìgbà tí mo jí, iná tí a dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti kú, bidon ti tutù. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Bùkọ́lá, ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Ó ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "eékún mi ti ń bẹ̀rẹ̀ o."

Mo ń wá bí mo ṣe máa dìde ni ìyá kan, sùtánà funfun lọ́rùn, wá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ta ló ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà?

"Fún mi lọ́mọ yìí," ló wí.

Nínú ìjọ wa, gbogbo ìyá ni ìyá ọmọ. Ẹni tó bá ń bi àgbà pé "Ta ni yín?", wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo rò pé Màmá Pọ́tónófò, olórí àwọn obìnrin wa, ni.

"Ẹ máa mú un, Màmá. Ẹ ṣé o."

Ó gbá a mọ́ra. Kò pẹ́, Bùkọ́lá ò gbọ̀n mọ́. Mo na ọwọ́ sí i, ara rẹ̀ gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì sùn padà. Mo sùn dáadáa, kí n má parọ́.

Láàárọ̀, Màmá Pọ́tónófò ń bọ̀ láti ìdí pẹpẹ, ojú wọn pọ́n.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ òru o."

"Iṣẹ́ wo? Àdúrà ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́."

Mo wo ẹ̀yìn Bùkọ́lá. Ìrì ti bo gbogbo koríko, àmọ́ ibì kan gbẹ níbẹ̀, ó gùn tó ènìyàn. Kò sí ipa ẹsẹ̀ tó wá síbẹ̀, kò sí èyí tó kúrò. Mo bi gbogbo obìnrin tó wà ní pápá, kò sẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ wa.

Bùkọ́lá dìde, ó ń kọrin. Ọdún kẹjọ rèé, egungun ò ro ó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn dókítà lójú, wọ́n ní ká máa dúpẹ́. Mò ń dúpẹ́.

Ó ti wà nílé ọkọ báyìí, ní Marcory. Ọyẹ́ tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, Bùkọ́lá máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí òun bá fẹ́ sún síbẹ̀, á ní kóun má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Mo lọ bi í. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi mí fún un."

Mo kàn jókòó, omi ń bọ́ lójú mi.

Tẹ́ ẹ bá máa sùn síta nínú ọyẹ́, ẹ sùn síbi atẹ́gùn fúnra yín, kó rẹ̀ yín o, kó má rẹ̀ yín. Tí ẹnì kan bá sì ní kẹ́ ẹ fún òun lọ́mọ nínú òkùnkùn, ì báà jẹ́ àgbà, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ná. Wọ́n á ní ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Èmi tí mo lẹ́kọ̀ọ́, mo ti fi ọmọ lé ẹni tí mi ò mọ̀ lọ́wọ́, mi ò sì mọ ọjọ́ tó máa wá mú un lọ.