Onílé Tó Gba Àwọn Àna Mi Sílé

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní onírọ́. Abọ́ tánńganran ni mò ń tà, ẹnu ni mo sì fi ń tà á. Mo ti sọ fún oníbàárà rí pé abọ́ tó bó létí kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi, ó ṣetí mi, n kò sì ní fi èérún iyọ̀ kún un.

Ṣadé, àkọ́bí mi, ló fẹ́ lọ́kọ. Tíṣà ni, tíṣà bíi tirẹ̀ ló sì rí fẹ́, ọmọ Èkìtì kan tó ń jẹ́ Fẹ́mi. Ọmọ náà ò ní wàhálà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà ni wàhálà. Màmá Fẹ́mi là ń pè é. Obìnrin yìí ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ìlú oko ni àwọn ń bọ̀, pé bí àwọn ò bá rí ibi gidi sùn, àwọn á kó sínú ọkọ̀ padà, ọkọ ìyàwó á sì bá àwọn lọ.

Ìlú oko! Ìgbó-Ọrà yìí!

Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ wa, òótọ́ ni. Bí àlejò ìgbéyàwó bá dé, ojúlé-ojúlé là ń pín wọn sí. Mo ti gba ilé kan fún àwọn àna mi, mo ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ni ìjì bá jà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ká páànù ilé náà bí ìgbà tí ọmọdé ń tú ewé mọ́ínmọ́ín. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀.

Gbogbo ibi tí mo kàn ló ti kún. Ẹbí tiwa láti Èrúwà àti Lanlate ti na ẹsẹ̀ sí gbogbo yàrá. Mo lé ọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ǹṣì. Kí n tó yíjú padà, ó ti tún sùn.

Ilé kan ló ṣófo: ilé Ìyá Alálejò. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ tàbí oníṣòwò tí ilẹ̀ ṣú bá, tí kì í gbà sílé. Ogun Bìáfúrà ò tíì parí nígbà tó kú. Yàrá iwájú ni wọ́n sin ín sí, bí a ti ń sin àgbà, wọ́n sì rẹ́ símẹ́ńtì lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Gánà. Ilé wà ní títì.

Mo lọ bá àbúrò rẹ̀, Bàbá Táyé, fún kọ́kọ́rọ́.

"Ìyá Ṣadé, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Màmá Fẹ́mi ló ń bà mí lẹ́rù, Bàbá. Òkú kì í tú ìgbéyàwó ká."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. "Ẹ lọ bá onílé sọ ọ́." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í já wọlé onílé bí ewúrẹ́. Kí n tó rántí pé ilé òfìfo ni, ó ti jáde lẹ́nu mi: "Àgò onílé o!"

Ohùn kan wá láti inú lọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Àgò yà o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí mi wú bí àkàrà. Ẹsẹ̀ mi kan wà nínú ilé, ìkejì wà níta, ó ń bẹ ìkíní pé kó jáde kí àwọn máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ mi lójú ọkàn mi, nínú aṣọ funfun, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò rí ọkọ. Mo fa ẹsẹ̀ kejì wọlé.

"Màmá," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àlejò ni mo ní. Àwọn àna mi ni."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n kún bọ́lẹ̀kájà."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tèmi ni wọ́n o, kì í ṣe tìrẹ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Mo mú ìgbálẹ̀. Bí mo ti ń gbá pálọ̀, mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ mìíràn nínú yàrá iwájú, ṣáá, ṣáá. N kò yọjú. Mo ní kó máa gbá tirẹ̀, kí n máa gbá tèmi. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ yá. Nígbà tí ó dákẹ́, mo ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Màmá Fẹ́mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo òrùlé bí ẹni tó fẹ́ ná an. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àgò o!"

Mo sáré dáhùn láti inú, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú mi. Ohùn méjì ló jáde pọ̀.

"Ta nìkejì?"

"Onílé ni, Màmá."

Ṣé irọ́ ni mo pa?

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ bá wọn, mo ń gbàdúrà kí n bá ènìyàn níbẹ̀. Màmá Fẹ́mi ló pàdé mi lójúde. Ó ti wẹ̀, ó ti kun àtíkè, ẹ̀rín ló ń rín sí mi!

"Àna mi, ìyá onílé yín yìí mọ àlejò í tọ́jú o! Omi gbígbóná ló gbé fún gbogbo wa. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló tutù."

"Ara àgbà ni, Màmá."

Àbúrò rẹ̀ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wo? Omi la bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. A ò rí ìyá kankan."

Mo fọwọ́ kan etí ìró mi. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Yàrá iwájú ṣì wà ní títì.

A ṣègbéyàwó, ó dùn, ó yẹ wá. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ ti ń pariwo, àmọ́ Màmá Fẹ́mi ò wọlé sí i. Ó ní òun ò ní lọ láìdágbére fún onílé. Mo ní ó ti lọ sóko.

"Oko wo? Ẹ̀yìn yín ló dúró sí yẹn."

N kò wẹ̀yìn. Ẹ gbà mí gbọ́, bí ẹ bá fi wúrà bẹ̀ mí, n kò ní wẹ̀yìn.

Obìnrin yìí, tí kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún ẹni tó ṣe wá lóore: "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin náà, ẹ wá bá wa délé o."

Afẹ́fẹ́ tutù kọjá létí mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn: "Mò ń bọ̀."

Ẹ̀yìn bọ́lẹ̀kájà náà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gòkè. Kò sẹ́ni tó gòkè. Ọkọ̀ sì gbéra.

Nígbà tí mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, Bàbá Táyé wo ojú mi. "Ó bá wọn lọ?"

"Ó bá wọn lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò kọjá Ìdèrè tó wà nítòsí yìí rí láyé rẹ̀," ló wí. "Gbogbo ayé ló gbà sílé, ẹnì kan ò pè é sí tirẹ̀ rí." Ó wọlé lọ, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ṣadé ti bí ọmọkùnrin báyìí, nílé Màmá Fẹ́mi ní Èkìtì. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ. Màmá Fẹ́mi rán awakọ̀ kan sí mi pé kí n má dààmú nípa ibi tí n ó sùn. Ó ní ìyá onílé mi ti sún ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Ó ní ìyá náà sọ pé àlejò òun lèmi náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n má lọ, kí n rán ẹlòmíràn. Ta ni n ó rán lọ wẹ ọmọ ọmọ mi? Ta ni yóò sọ fún Ṣadé irú ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ̀ sílé onílé nígbà ìgbéyàwó, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá ẹni tó gbà yín ṣì ń jẹun, kí ẹ tó ní kó wá bá yín délé. Èmi ní tèmi, ẹrù mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọṣẹ dúdú ọmọ wà nínú rẹ̀, àdí wà níbẹ̀, mo sì ti ká ẹní tèmi dání.